Òjò la fi ń gbìn, ẹ̀rùn la ń gbìn fún: ohun tí igi eléso àti agboolé rẹ̀ kọ́ mi

Ẹni tó bá gbin ọsàn láàárín Ìbàdàn sí Ìṣẹ́yìn mọ̀ pé ọjọ́ tí a gbin igi kọ́ ló ń kú. Oṣù Èbìbí la gbìn ín, òjò ń rọ̀, ewé tuntun ń yọ, inú gbogbo wa ń dùn. Nígbà tó bá fi máa di oṣù Èrèlé, ó ti di igi ìdáná. Láti oṣù Bélú títí dé àárín Ẹrẹ́nà, ó lè tó oṣù mẹ́rin tí òjò gidi kò ní kan ilẹ̀, ọyẹ́ á sì máa fẹ́ láti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, á máa fa ìwọ̀nba omi tó kù lára ewé. Nítorí náà, ohunkóhun tí mo bá fẹ́ gbìn yí igi eléso ká, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi í: kí ni wàá ṣe fún un nígbà ẹ̀rùn àkọ́kọ́?

Ọ̀nà ìgbìnpọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn tó gbin kòkó ní Oǹdó àti Ìjẹ̀ṣà kò gbin ọmọ kòkó sí gbangba oòrùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ló ń ṣíji bò ó, ìbẹ́pẹ á máa hù láàárín, obì tàbí ọsàn á wà níbi tí wọ́n ti ń sinmi. Ní 1978 ni àwọn ará Ọsirélíà méjì, Bill Mollison àti David Holmgren, gbé ẹ̀kọ́ kan jáde tí wọ́n pè ní permaculture, inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kí a máa kó ohun ọ̀gbìn jọ sí agbo kan yí igi eléso ká ti gbajúmọ̀. Ẹni tó bá wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí á rí àtòkọ ohun tí wọ́n ní kí a gbìn sídìí igi ápù: comfrey, clover àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ẹ fi àtòkọ yẹn sílẹ̀ fún àwọn tí yìnyín ń bọ́ sóko wọn. Agboolé ni èmi ń pè é. Olórí ilé kan wà, ìyẹn igi eléso. Àwọn kan nínú àwọn tó yí i ká jẹ́ ọmọ ilé, àwọn kan jẹ́ àlejò tó gbọ́dọ̀ padà lọ. Ibi tí mo ti rí i tí agboolé dàrú jù ni ibi tí àlejò ti sọ ara rẹ̀ di onílé.

Ilẹ̀ àti kòtò

Ilẹ̀ wa níhìn-ín máa ń tàn ènìyàn jẹ. Iyanrìn tó ní ilẹ̀ dúdú díẹ̀ ló wà lókè, yangí ló wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ kòtò wọ inú yangí ti gbẹ́ ìkòkò tí ìdí rẹ̀ kì í jò. Bí òjò Òkúdu bá dé, omi á dúró sínú rẹ̀, gbòǹgbò á rà. Kí n tó gbin ohunkóhun, mo máa ń gbẹ́ kòtò ẹsẹ̀ bàtà 2 ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní jíjìn, n ó da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì 2 sínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí píà tàbí ìbẹ́pẹ lè gbé. Ọjọ́ méjì péré nínú omi tó dúró tó láti pa ìbẹ́pẹ. Bí kò bá sí ilẹ̀ mìíràn, ẹ kó erùpẹ̀ jọ di ebè ńlá tó fẹ̀ tó mítà 1.5, tó ga tó sẹ̀ńtímítà 40 sí 50, kí ẹ gbin igi sórí rẹ̀. Ọsàn lè fara dà díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kò fẹ́ràn ẹsẹ̀ tútù.

Nígbà tí ẹ bá ń gbẹ́ kòtò, ẹ ya erùpẹ̀ òkè sọ́tọ̀ kúrò lára tìsàlẹ̀. Erùpẹ̀ òkè ló kọ́kọ́ ń padà sínú kòtò, òun ni gbòǹgbò máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ fi àdá ṣá ògiri kòtò kí ó rí págunpàgun, nítorí bí ó bá dán, tó rí róbótó bí inú odó, gbòǹgbò á kàn máa yí po nínú rẹ̀ bí ẹni ń wá ilẹ̀kùn. Ìgbẹ́ adìẹ dára, ṣùgbọ́n kí ó ti jinná. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lábẹ́ ibòòji, kí a máa yí i padà, ni mo máa ń fún un. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú òkìtì náà: bí ó bá ń gbóná, tí ó sì ń ta ènìyàn nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, ó ṣì lè jó gbòǹgbò. Èyí tó ti jinná, ṣọ́bìrì 2 fún kòtò kan ti tó, kí ẹ pò ó mọ́ erùpẹ̀ dáadáa. Àwọn kan máa ń da eérú àti ìgbẹ́ adìẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé wọ́n gbọ́ pé méjèèjì dára. Òórùn líle tó máa ń jáde nígbà náà ni náítírójìn tó yẹ kó wà fún igi, tó ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kí oṣù kan wà láàárín méjèèjì.

Igi ọsàn fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ti lẹ ojú ọsàn dídùn mọ́ ìdí ọsàn kíkan ni kí ẹ rà. Agege 1 jẹ́ irú kan tí ó mọ ilẹ̀ wa. Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ máa ń wú díẹ̀ tàbí kí ó tẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ lọ ní ó kéré tán sẹ̀ńtímítà 15. Bí erùpẹ̀ tàbí koríko bá bò ó, àrùn tó ń jẹ èèpo ìdí igi á wọlé láti ibẹ̀. Èéhù tó bá sì yọ nísàlẹ̀ ibẹ̀, ọmọ ìdí ọsàn kíkan ni, ẹ̀gún rẹ̀ máa ń pọ̀, ó sì máa ń yára dàgbà. Mo ti rí oko tí olóko ń yangàn pé ọsàn òun ń dàgbà bí iná, àṣé èéhù kíkan yẹn ló ń tọ́, ọsàn dídùn ti kú lókè ó ti pẹ́. Bí ó bá ṣì rọ̀, ẹ fi ọwọ́ ya á dànù. Bí a bá fi àdá gé e, á tún rú.

Bí agboolé ṣe jókòó

Láti ìdí ọsàn kan sí èkejì, mítà 7 ni. Éékà kan á gba nǹkan bí 80. Ẹni tó bá rí ààyè tó wà láàárín àwọn igi náà ní ọdún àkọ́kọ́ á rò pé òfò ni, ibẹ̀ ni yóò ti fẹ́ kó gbogbo nǹkan sí.

Mítà kan àkọ́kọ́ yí ìdí ọsàn ká, n kì í gbin nǹkan kan síbẹ̀. Koríko gbígbẹ àti ewé nìkan ló wà níbẹ̀, sísanra rẹ̀ á tó sẹ̀ńtímítà 10, kí ó jìnnà sí ara igi ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbọ́. Wọ́n á to koríko mọ́ igi gbágbágbá bí ẹni ń wé gèlè, ọ̀rinrin á jẹ èèpo rẹ̀ nígbà òjò, ìkán á fi ṣe ọ̀nà nígbà ẹ̀rùn.

Láti mítà 1.5 ni òtílí ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí 5 ló ń yí ọsàn kan ká, hóró 3 sínú ihò kan, kí a dín in kù sí 2 nígbà tó bá ga tó orúnkún. Òtílí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú gbogbo wọn. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń lọ jìnnà sísàlẹ̀, ó ń là ilẹ̀ líle, ó ń ṣíji bo ọsàn láì dí i pa, bákan náà ni ewé rẹ̀ tó ń bọ́ ń di oúnjẹ ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ hú ìdí kan nígbà tó bá ti lo oṣù méjì, kí ẹ wo kókó wẹ́wẹ́ tó wà lára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ fi èékánná là á: bí inú rẹ̀ bá pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, bí ó bá funfun tàbí tó dúdú, jíjẹ ló ń jẹ, kò tíì san owó ilé.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ìdí 2 péré fún ọsàn kan, ní mítà 3 sí i. Ìhà tí a ó gbìn ín sí ló ṣe pàtàkì. Ní Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́, oòrùn kì í gba àárín orí wa kọjá, ìhà gúúsù ló ń fì sí, oòrùn ọ̀sán tó ń jó ewé sì ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀. Nítorí náà, gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ọsàn ni kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúró sí. Bí ẹ bá gbìn ín sí àríwá, òjìji rẹ̀ á máa bọ́ sẹ́yìn ilé ní gbogbo ìgbà ẹ̀rùn. Agúnmaníyè, igi tí àwọn olóyìnbó ń pè ní gliricidia, ló yẹ kó wà ní ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, ibi tí ọyẹ́ ti ń wá, ọ̀pá kan ní mítà kọ̀ọ̀kan, ní agbedeméjì ìlà ọsàn sí ìlà ọsàn.

Ohun tí ń bo ilẹ̀ láàárín wọn ń yí padà pẹ̀lú oṣù. Ẹ̀gúsí ló ṣáájú, nítorí kò sí èyí tó ń yára bo ilẹ̀ mọ́ koríko lójú bí i rẹ̀, oṣù mẹ́rin kò ní pé tí yóò ti parí, tí yóò gbẹ, tí yóò di ìtẹ́lẹ̀. Kókò àti ata ilẹ̀ ń wá sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà tí ibòòji bá ti wà. Koríko ọba ń tò sí etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tó bá dagun, ìdí kan ní gbogbo sẹ̀ńtímítà 50, láti mú erùpẹ̀ tí àgbàrá ń gbé lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ẹ̀gẹ́, nítorí gbogbo ènìyàn ló fẹ́ gbìn ín síbẹ̀. Ẹ má ṣe é. Ó ń yára ga ju ọsàn lọ, wíwa rẹ̀ ń já gbòǹgbò igi, òun sì ni tata aláwọ̀ mèremère tó ń rùn nì fẹ́ràn jù nígbà ẹ̀rùn. Ọ̀dùnkún sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìtàkùn rẹ̀ má kọjá mítà 1.5 sí ìdí igi, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá ń wà á ni ẹ máa mọ ibi tí gbòǹgbò ọsàn dé. Ilá àti ìgbá ń kó aràn ilẹ̀ tí ojú kò rí, èyí tó ń sọ gbòǹgbò di kókókókó. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá tẹ̀lé wọn lórí ilẹ̀ kan náà á jìyà rẹ̀. Yèrèpè tí kì í yún ènìyàn, tí wọ́n fi ń pa èékan, lágbára gan-an, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ ti tó fún un láti gun ọsàn kéékèèké, kí ó sì fún un lọ́rùn. Ẹ lò ó lọ́dún tó ṣáájú ọdún tí ẹ máa gbin igi, kì í ṣe pẹ̀lú igi.

Láti àkọ́rọ̀ òjò dé ìgbà ọyẹ́

Ẹrẹ́nà ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú igi eléso. Àkọ́rọ̀ òjò jẹ́ ẹlẹ́tàn. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó sì lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀pá agúnmaníyè lè dúró dè é, nítorí náà òun ló kọ́kọ́ ń wọlẹ̀. Ọ̀pá tó gùn tó mítà 1 sí 1.5, tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé, tí èèpo rẹ̀ ti ń di eérú ju àwọ̀ ewé lọ, ni kí ẹ gé. Ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́bùú, kí ẹ rì í wọlẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 30, ẹ má fi òòlù gbá a lórí nítorí ibi tó bá là lókè ni omi á gbà wọlé. Ẹ̀gúsí ń tẹ̀lé e nígbà tí òjò bá ti wọlẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan.

Igbe ni oṣù ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà ni kí ẹ mú, ẹ fi ti eléwé gbàǹgbà sílẹ̀, kò lágbára. Ẹ bó ìdí rẹ̀ títí gbogbo gbòǹgbò àti ibi dúdú á fi kúrò, ibẹ̀ ni kòkòrò tó ń jẹ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń yé ẹyin sí. Lẹ́yìn náà, ẹ rì í sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ yọ ọ́. Ọ̀nà tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣiṣẹ́ ju oògùn tí ẹni tó ń tà á gan-an kò lè ka orúkọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 30, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan ààbọ̀: èyí tó bá pẹ́ nínú omi á sè.

Igi eléso fúnra rẹ̀ ń wọlẹ̀ láti ìparí Igbe dé àárín Òkúdu. Ẹ ya ọ̀rá dúdú rẹ̀ kúrò pátá. Bí gbòǹgbò bá ti yí po nísàlẹ̀ ọ̀rá, ẹ gé ibi tó yí po náà. Kò ní pa igi, fífi í sílẹ̀ ló máa pa á lọ́dún mẹ́ta sí i. Ẹ gbé e sí i kí ojú erùpẹ̀ inú ọ̀rá ga ju ilẹ̀ lọ ní ìwọ̀n ìka méjì, nítorí kòtò á rọ̀ wálẹ̀. Òtílí ń tẹ̀lé e ní Òkúdu. Bí a bá gbin òtílí ní Ẹrẹ́nà, á ga ju ọkùnrin lọ kí ó tó yọ òdòdó, ẹ̀fúùfù á sì máa tẹ̀ ẹ́ lu ọsàn. Ìgbà tí ọjọ́ bá ń kúrú ló máa ń yọ òdòdó, ìyẹn láti Ọ̀wàrà lọ, yálà a gbìn ín ní kùtùkùtù tàbí a pẹ́, nítorí náà gíga rẹ̀ wà lọ́wọ́ oṣù tí ẹ bá gbìn ín.

Àwọn kan á bi mí pé ṣé kò ṣeé ṣe kí a gbin igi ní Ọ̀wẹ́wẹ̀, nígbà tí òjò kejì bá dé. Ó ṣeé ṣe. Kí ẹ kàn ṣírò omi: igi tí a gbìn ní Ọ̀wẹ́wẹ̀ kò ní ju ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lọ nínú òjò. Láti ìgbà náà, lítà 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 16 jẹ́ lítà 320 fún igi kan. Igi 30 á mu lítà 9,600. Bí kànga yín bá lè fún yín, tí ọwọ́ tí yóò pọn ọ́n sì wà, ẹ gbìn ín.

Inú oṣù Ògún, òjò máa ń sinmi díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo máa ń ro oko, tí mo ń gé agúnmaníyè ní gíga mítà kan, tí mo ń da ewé rẹ̀ sí ìdí ọsàn. Jogbo olódòdó yẹ́lò tó ń hù létí títì náà dára gan-an. Kí ẹ gé e kí ó tó yọ òdòdó, nígbà tí igi rẹ̀ ṣì rọ̀, nítorí bí ó bá ti so, ẹ̀ ń gbin igbó sínú oko yín ni. Apẹ̀rẹ̀ 2 ewé tútù fún igi kan, kí koríko gbígbẹ wà lórí rẹ̀. Ewé tútù nìkan á jẹrà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilẹ̀ á tún wà ní ìhòhò.

Gígé tó kẹ́yìn fún agúnmaníyè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì. Bí a kò bá gé e, á yọ òdòdó, á sì wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ dànù láàárín ẹ̀rùn, gan-an nígbà tí a nílò rẹ̀ láti dá ọyẹ́ dúró. Bí a bá gé e ní ìparí Ọ̀wẹ́wẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀wàrà, ilẹ̀ ṣì tutù, á tún rúwé, ewé tuntun yẹn á sì wà lórí rẹ̀ jálẹ̀ ẹ̀rùn. Bí ó bá di Bélú kí ẹ tó rántí, ẹ kúkú fi í sílẹ̀.

Ẹ̀rùn

Bélú ni mo máa ń sọ ìtẹ́lẹ̀ ìdí ọsàn di sẹ̀ńtímítà 15: pòròpórò àgbàdo, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìtàkùn ẹ̀gúsí tó gbẹ. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti gé eso rẹ̀, ẹ là á sí méjì ní gígùn kí ẹ dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, á máa sun díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣì dúró, nítorí kòkòrò ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fi irú èyí sápamọ́.

Koríko gbígbẹ tó yí igi ká ní ìgbà ọyẹ́, ìdáná ni. Ohun tí ẹ kó jọ láti gba ọsàn là lè jó o run ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ọlọ́dẹ tàbí àgbẹ̀ tó múlé tì yín bá ti iná bọ igbó. Kí Bélú tó parí, ẹ fi ọkọ́ ha ilẹ̀ yí gbogbo oko ká ní fífẹ̀ mítà 3, kí ó mọ́ gírígírí, kí ẹ tún un ṣe ní Ṣẹ́rẹ́ nítorí ewé á ti bọ́ sórí rẹ̀. Mi ò rí ohun mìíràn tó ń pa igi eléso tó iná.

Fún omi, ìkòkò amọ̀ tí a kò fi nǹkan dán ara rẹ̀ ló dára jù. Ẹ rì í sínú ilẹ̀ dé ọrùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí igi, ẹ kún un, ẹ fi awẹ́ igbá dé e lójú kí ẹ̀fọn má sọ ọ́ dilé. Bí ìkòkò bá wọ́n, kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí a fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò kan péré sí nídìí á ṣe é. Àwọn tó ń lu ihò mẹ́rin ń pọn omi fún ilẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́, lítà 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọdún kejì, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọdún kẹta, bí ìtẹ́lẹ̀ bá nípọn, ọsàn á dá dúró.

Ìkán kì í sábà kọ lu igi tó ní ìlera. Ibi tí àdá ti gé e lára tàbí ibi tí òùngbẹ ti mú kí èèpo rẹ̀ gbẹ ló ń gbà wọlé. Eérú tí a ń wọ́n sí i ń ṣiṣẹ́ títí dìgbà tí omi bá kàn án, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó tó àti ìtẹ́lẹ̀ tí kò fara kan igi ni oògùn rẹ̀.

Ti tata, ewé Akíntọ́lá ni kí ẹ wò. Tata yẹn fẹ́ràn òdòdó rẹ̀ gidigidi, òdòdó yẹn sì máa ń tú ní Ọ̀pẹ sí Ṣẹ́rẹ́. Igbó ewé Akíntọ́lá tó bá wà létí oko, ẹ gé e ní Bélú kí ó tó yọ òdòdó, ẹ lò ó fún ìtẹ́lẹ̀. Ọmọ tata dúdú kéékèèké máa ń kó jọ gbìrìmù sórí ewé kan ní àfẹ̀mọ́jú nígbà tí òtútù ṣì mú wọn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbọ̀n wọ́n sínú omi ọṣẹ. Ní ọ̀sán, ẹ̀ ń fi ara yín ṣeré ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò tó rí bí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí ewé ọsàn: ìgbẹ́ ẹyẹ kọ́, ọmọ labalábá ni, á di àwọ̀ ewé tó bá dàgbà, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án á yọ ìwo pupa tó ń rùn. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Lórí ọsàn ọdún kan, mẹ́rin nínú wọn lè jẹ gbogbo ewé tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ṣa wọ́n.

Ẹ̀rùn náà ni ojú ń rí àfòmọ́ dáadáa, nígbà tí ewé igi mìíràn bá ti dín. Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan, ṣùgbọ́n ọsàn àti kòkó ló tún fẹ́ràn jù láti bá tan. Bí ẹ bá kàn fà á já, á tún rú láti inú ẹ̀ka, nítorí ó ti wọ inú igi lọ. Ẹ gé ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan sísàlẹ̀ ibi tó dì mọ́, kí ẹyẹ tó jẹ èso rẹ̀.

Máńgòrò kò fẹ́ ìkẹ́

Gbogbo ohun tí mo ti sọ, ọsàn ni mo fi ṣe ojú rẹ̀. Píà fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ibòòji ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ìtẹ́lẹ̀ tó nípọn, ebè tó ga. Fún píà, mo máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní odindi ọdún kan ṣáájú. Àgbálùmọ̀, ẹ gbé e lọ sí etí oko, kò sí agboolé tó lè gbà á tó bá dàgbà tán.

Máńgòrò ni ẹ ó ti rí i pé òfin ilé kan kì í ṣe ti gbogbo ilé. Ó fẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òun díẹ̀ ní Bélú àti Ọ̀pẹ kí ó tó lè yọ òdòdó. Máńgòrò tó ti tó so, tí a ń bomi rin ní ìgbà yẹn, tí òtílí àti agúnmaníyè ń fún ní náítírójìn lọ́tùn-ún lósì, ewé ló máa fi dá wa lóhùn. Ibòòji tún ń mú kí ìrì pẹ́ lára òdòdó rẹ̀, dúdú á sì bò ó, á rẹ̀ dànù. Nítorí náà, agboolé máńgòrò gbọ́dọ̀ tú ká ní kùtù: mítà 10 sí ara wọn, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò ní ìparí ọdún kejì, kí a má sì fún un ní ìgbẹ́ adìẹ lẹ́yìn oṣù Agẹmọ. Èso rẹ̀ tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Láti ìgbà tí eṣinṣin èso tó wá láti Éṣíà ti dé, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Kenya ní 2003, èso jíjẹrà kan lè di ilé ìtọ́jú ọmọ fún wọn. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá dúdú, ẹ so ó lẹ́nu, ẹ gbé e sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Rírì í mọ́ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kò tó, wọ́n á hú jáde. Bí èèrà pupa tó ń rán ewé pọ̀ bá wà lórí máńgòrò yín, ó ń ta ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Benin fi hàn pé ó ń dín eṣinṣin yìí kù. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn lọ ká èso.

Ìgbà tí àlejò ń lọ

Lẹ́yìn eso kejì, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ á ti gòkè kúrò nínú ilẹ̀, ìjì kan á sì gbé e lu ọsàn. Ẹ gé e ní ọdún kẹta, ẹ wa ìdí rẹ̀ jáde, nítorí gígé nìkan ni yóò sọ ọ́ di ọmọ mẹ́fà. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣòro láti gé ohun tó ń mú owó wọlé nítorí ohun tí kò tíì so. Ọsàn tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bò ní ọdún kẹrin á ga tẹ́ẹ́rẹ́, á máa wá ojú ọ̀run, èso rẹ̀ á jẹ́ ti òkè téńté nìkan. Òtílí kì í da ènìyàn láàmú, á gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kẹta sí ìkẹrin. Ẹ gé e mọ́ ilẹ̀, ẹ má fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ni omi ń gbà wọlẹ̀.

Àwọn tó kù ni ata ilẹ̀, kókò níbi tí ọsàn ti ń ṣíji, koríko ọba létí, àti agúnmaníyè tí a ń gé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kí ó má di igi ńlá mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀pá tí mo bá gé lára rẹ̀ ní Ẹrẹ́nà ń lọ sí ilẹ̀ tuntun. Mo máa ń gbé e sí ibòòji fún ọjọ́ méjì, kí ojú ibi tí a ti gé e gbẹ, kí n tó rì í.